Igba Sítíkà

Ọ̀gá Múdà gbé páálí náà dé láti Ìlọrin nírọ̀lẹ́,
igba sítíkà, wọ́n ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Lójú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà méjì
àti garawa ìdọ̀tí tí wọ́n fi igi dábùú.
"Fàlílá, lẹ̀ wọ́n mọ́ wọn lẹ́yìn. Oníbàárà ń bọ̀ láàárọ̀."

Kọ̀ǹpútà mọ́kàndínlógún, kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ:
pátákó kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, kò láṣọ, kò lójú,
òórùn òjé ṣì wà lára ẹ̀.
Àwọn ọlọ́sìn adìyẹ Èrìn-Ilé ló fẹ́ kó máa bá wọn
ṣọ́ ooru ẹyin lóru, bí àgbébọ̀ tí kì í sùn.

Sítíkà yẹn ní ohun tó ń wí.
Ó ní: mo mọ ìwọ̀n ara mi.
Ó ní bí mo bá ń ronú, èrò mi ò ní fò wọ ilé onílé;
bí onílé bá sì pariwo, orí mi ò ní dàrú.
Ó ní ẹnìkan ti gbé mi sí yàrá tí ohùn kankan ò sí,
ó fetí sí mi, ó ní mo dákẹ́ tó.

Ta ni? Yàrá wo?
Èmi ni mo jó òjé sí wọn,
lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń mì
nígbàkígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá l'Ọ̀fà.

Mo so ọ̀kan mọ́ iná.
Lẹ́yìn ògiri, rédíò Bàbá Ọlátínwọ̀ ń ka ìkéde òkú:
"Pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run ni ẹbí fi kéde ìpapòdà bàbá wọn, olóògbé..."
grìììì, bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Bàbá yọjú, ó gbá rédíò mọ́yà:
"Ẹ gbọ́, ta ni wọ́n ní ó kú?"

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Èyí tí mo dá sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹnikẹ́ni ò wò ó;
orúkọ òkú ni ẹ̀yìn ẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo gé wáyà kúrú. Mo fi ìlẹ̀kẹ̀ irin dúdú sí i lọ́rùn.
Mo la agolo mílíìkì, mo fi ṣe ilé fún un.
Mo yá rédíò Bàbá, mo gbé e tì í, mo ń yí i, mo ń gbọ́.
Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dà bí ẹni tó ń ku èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé.
Nígbà tí wọ́n fi pe àsùbáà, mẹ́fà péré ni mo ti ṣe.

Mi ò fọwọ́ kan sítíkà.
Ìwé ni mo ya, bíírò ni mo fi kọ ọ́:
Fàlílá ló ṣe é, l'Ọ̀fà. Rédíò aládùúgbò ni mo fi dán an wò.
Ẹ jẹ́ kó fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta jìnnà sí rédíò.
Ọ̀gá Múdà kà á, ó ní, "Ta ni yóò fowó ra ìjẹ́wọ́?"

Mo ṣì ń wá èsì nígbà tí wọ́n tún ìkéde náà kà.
Ohùn náà mọ́ gaara.
Mo gbọ́ tí Bàbá pa rédíò,
tí àga ẹ̀ ké, tí ó dìde.
Kò wá bi mí ní nǹkan kan.