Òkìtì Yanrìn ní Arówómọlé

Arówómọlé ni bàbá mi ti mọlé tí owó tán.
Orúkọ àdúgbò ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀.
Ògiri dé ojú fèrèsé, ó dúró
bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Yanrìn ọkọ̀ kan, òkúta wẹ́wẹ́ ìdajì ọkọ̀,
búlọ́ọ̀kù igba ó dín mẹ́rìnlá.
Mo mọ iye wọn. Èmi ni mò ń kà wọ́n láràárọ̀
kí àwọn aládùúgbò má baà yá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ti ilé ìwé dé nínú ọyẹ́,
ètè rẹ̀ ti là, ó yá awò olójú méjì bọ̀.
Ó gun òkìtì yanrìn, ó ní kí n wá.
“Wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò bí ọmọ ilé kéú,
yà sí ìwọ̀-oòrùn, kọjá èyí tó ń tàn yòò yẹn,
má yára,
òun nìyẹn.”
Ó pupa rúsúrúsú, bí kajú tó pọ́n tí kò tíì já.
Ó kéré. Ká sòótọ́,
mi ò rí ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ gba otútù.

Ó ní ó tutù ju oòrùn wa lọ díẹ̀,
ó ní ọmọdé ni láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀,
ó ní eruku ló yí i ká, òkúta, yìnyín,
àfọ́kù tó ń kọlu àfọ́kù.
Mo ní, “Kí ló wó níbẹ̀?”
Ó rẹ́rìn-ín títí yanrìn fi yọ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀.
“Bóyá nǹkan kan ò wó.
Bóyá wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ni,
bóyá èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ ni.
Àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an ṣì ń jiyàn.”

Àwókù Ládòkun ni wọ́n ń pe ilé wa ládùúgbò.

“Ìmọ́lẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lójú yìí,” ó ní,
“ó ti kúrò nílé láti bí ọdún mẹ́wàá àbọ̀.”
Mo fi ìka ṣírò. Òjò ni nígbà náà.
Lámídì bíríkìlà wà nínú kòtò, sìmẹ́ńtì dé kókósẹ̀ ẹ̀,
bàbá so okùn mọ́ èèkàn,
“Yàrá ìyá yín rèé,”
ìyá ní ilé ìdáná kéré, àwọn méjèèjì ń jà
lórí ohun tí kò tíì sí.
Ọjọ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀ yìí gbéra.
Nígbà tó rìn dé ìdajì, apá òsì bàbá kọṣẹ́.
Nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kó dé,
a sin ín sínú yàrá tó ní ti àlejò ni.
Ìmọ́lẹ̀ náà ò gbọ́. Ó ṣáà ń bọ̀.

“Ẹnikẹ́ni wà nínú òrùka yẹn?”
“Ó jọ pé ọmọ kan wà, tó ń yí ìyá ẹ̀ ká.
Ìyá ló ń mì díẹ̀díẹ̀, la fi mọ̀.”
Lẹ́yìn náà ọyẹ́ bo ojú ọ̀run,
n ò mọ eruku tí mò ń wò mọ́,
tibẹ̀ ni àbí tiwa.

Láàárọ̀ mo kà wọ́n. Ó dín kan.
Mo wá a dé ẹ̀yìn, mo ti ń ṣépè,
kí n tó rí i nínú yàrá àlejò:
ó ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì fi jókòó,
ó gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀kùn ì bá wà,
awò ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ti sùn lọ
lábẹ́ òrùlé tí a kò rí owó kàn.