Awọ Ẹdun

Ọjọ́ tí Dọmíńgò ọmọ Àgùdà kọ́kọ́ ti Àjàṣẹ́ wá sí Kétu,
ìwọ̀n ló gbé dání, kò gbé ẹrù.
Ó gba Àkàbà Ìdẹ́nà wọlé, ó ṣí fìlà,
ó kí àgbà, ó kí ọmọdé,
ó ní awọ lòun ń wá.

Wọ́n tẹ́ ti ẹtu, ó mi orí.
Wọ́n tẹ́ ti ìgalà, ti akátá.
Ti ẹkùn ńkọ́? Ta ni yóò fi ìyẹn lọ àlejò?
Ẹni tó bá pa ẹkùn mọ ọ̀nà ààfin.
Ni Dọmíńgò bá fa awọ kan yọ lápò,
ó dúdú, ó funfun létí,
irun rẹ̀ gùn, ó ń dán bí orí tí wọ́n fi àdín pa.
“Irú èyí. Àwọn obìnrin òyìnbó fi ń wé ọrùn,
òtútù ọ̀hún ń wọ egungun.”

Agbo dákẹ́.
Kò sí ẹni tí kò mọ irun ẹdun.

Ọdẹ́lẹ̀yẹ, bàbá bàbá mi, jẹ gbèsè lọ́dún náà.
Àgbàdo ti gbẹ lóko.
Dọmíńgò ló yá a ní ẹ̀tù ìbọn.

Ogún ẹdun láàárín oṣù mẹ́ta.
Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń bó wọn,
òun ló ń fi eérú fọ inú awọ,
tó ń kàn án mọ́ pákó, tó ń sá a,
tó ń kọ ojú irun sí ògiri
kí ará ilé má baà kà á.
Oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀.

Mo bi í nígbà tó darúgbó: Ẹ ò bẹ̀rù ni?
Ó ní, “Ebi ò jẹ́ n ráyè.”
Ó ní awọ kan wà,
kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ,
ó funfun láti orí dé ìrù.
Funfun ni wọ́n ń bí ọmọ ẹdun.
Dọmíńgò gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n ò mì.
Ó sọ ọ́ padà sí i lẹ́sẹ̀.

Ìbejì ló bí. Àwọn méjèèjì yè.
Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù,
gbèsè tí olówó rẹ̀ ò wá sin.
Títí tó fi kú, bí ọyẹ́ ti wù kó mú tó,
kò fi nǹkan kan wé ọrùn.

A bá awọ náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀,
kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí.
Bàbá mi, Táyéwò, ẹni àádọ́rin ọdún,
gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.
Ó pẹ́.
Ó ní, “Kẹ́yìndé, bá mi gbé e. Ó wúwo.”