Lẹ́tà sí Ilé Kẹtàdínlógún

Èmi ni mo gbé e wá, ẹ má wá ẹlòmíràn.
Kẹ̀kẹ́ mi ló la ẹrẹ̀ oṣù kọkànlá já dé ojúde Halszka,
àpò awọ lẹ́yìn mi, òtútù ti kun imú mi ní pupa.
Lẹ́tà méjì ni: ọ̀kan láti báǹkì, èyí tó máa ń wá lóṣooṣù,
ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, òǹtẹ̀ ẹyẹ idì lórí rẹ̀.
Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun gbà á.
Ó ní, "Zbysław, wọlé, tíì wà lórí iná."
N kò wọlé.
Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lẹ́tà
máa ń mọ ìwúwo bébà kí wọ́n tó tú u.

Ilẹ̀ Olszynka kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́lá.
Ọ̀dùnkún ni, àti igi ápù tí baba Gracjan gbìn
lọ́dún tí ogun parí,
àti ilé bíríkì tí Gracjan fúnra rẹ̀ mọ,
tó yáwó mọ, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n dá fún un.
Faránkì Síwísì ni báǹkì kọ sínú ìwé;
wọ́n ní èlé rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ àdàbà.
Gracjan ò dé Síwísì rí, kò mọ àwọ̀ owó wọn,
àfi ọjọ́ tí owó náà fò sókè bí ẹyẹ tí ìbọn dẹ́rù bà,
tí gbèsè ọdún kẹwàá ga ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.
Ó ń san án, ó ń wú.
Asẹ́ ló fi ń gbèjò.

Pápákọ̀ òfurufú ni ìjọba fẹ́ kọ́ síbẹ̀.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kan èèkàn pupa mọ́ àárín ebè,
ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ajá.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ń díye lé ilé dé,
ó ka fèrèsé, ó wọn òrùlé,
ó ní igi ápù tó bá ti lé lógójì ọdún, òdo ni.
Gracjan béèrè ohun kan péré: "Kànga ń kọ́?"
Wọ́n ní inú ilẹ̀ ni kànga wà,
ilẹ̀ sì ti di ti ìjọba.

Owó dé. Sílótì ni.
Kò gba ẹnu ọ̀nà Gracjan kọjá rárá,
báǹkì ló kọ́kọ́ nawọ́ gán an, ilé náà ni ìdúró wọn.
Wọ́n yọ, wọ́n pín, wọ́n fi Síwísì wọ̀n ọ́n,
ló bá ku gbèsè ọ̀kẹ́ méjì sílótì ó lé díẹ̀
lórí ilé tí kò ní ògiri mọ́.
Halszka bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì, ó di bébà náà mú.
"Zbysław, ìwọ tí o ń rìn káàkiri,
ṣé èèyàn lè gbé inú gbèsè?
Yàrá mélòó ló ní?"

Wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Łowicz,
àjà kẹrin, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gòkè.
Gracjan ló kúrò kẹ́yìn.
Ó tú nọ́ńbà ilé kúrò lára ògiri,
ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó kì í sápò.

Lónìí, báǹkì tún ti kọ̀wé. Ilé kẹtàdínlógún, Olszynka.
Mo dúró létí wáyà, ẹ̀rọ ń họ ilẹ̀ bí adìyẹ.
Igi ápù kan ṣì wà, bóyá wọ́n gbàgbé rẹ̀,
ó yọ òdòdó funfun bí ẹni tí kò ka lẹ́tà.
Fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi ní àpótí mẹ́ta tí mo lè fàlà sí:
ó ti kó lọ,
ó kọ̀ láti gbà á,
kò sí nílé.
Kò sí èyí tó sọ pé wọ́n kó ilé lọ mọ́ onílé lọ́wọ́.

Mo fàlà sí "kò sí nílé",
mo yí orí kẹ̀kẹ́ padà.
Oṣù tó ń bọ̀, wọn á tún kọ.