Gbèsè Ẹ̀bìrìpò ní Ìpara

Sùúrù Lérè ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ síwájú orí bọ́lẹ̀kájà bàbá mi,
ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní sùúrù.
Ó ti ń wúkọ́ láti Ṣágámù,
ó wúkọ́ kọjá Ìpẹru,
nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Màmá Ẹfúnkòyà ní Ìpara
ó tu èéfín kan ṣoṣo, ó dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi retí irin kékeré kan láti Ìbàdàn,
irin tí kò ju ọmọńdinrín lọ.
Owó tán lọ́wọ́ bàbá lọ́jọ́ kìíní.
Màmá kò pariwo. Ó gbé páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu fún mi:
"Ẹnu tó bá máa jẹ, ọwọ́ rẹ̀ á rin kókò."

Mo rin ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ó yún mi dé ìgbọ̀nwọ́.
Ẹ̀yìn tí mo ti họra tán ló tó wí pé
epo ni wọ́n máa ń fi pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n báyìí:
kókò tí wọ́n wà lánàá, kì í ṣe tòní.
Iyọ̀. Ata tí a gún, tí èso rẹ̀ ṣì hàn.
Ewé eéran, kó o kọ́kọ́ yan án lórí iná
títí yóò fi rọ̀ bí etí ewúrẹ́.
Pọ́n ọn ṣọ́ọ́rọ́, ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sábẹ́,
fi pòpórò tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, bu omi sí i, dé e.
Má ṣí i.
Yóò ti pẹ́ tó, Màmá?
Kò ní aago. Ó fi ẹnu tọ́ka sí ọ̀nà:
"Títí ọkọ̀ ogún á fi kọjá."

Mo kà á. Ọkọ̀ igi, ọkọ̀ obì, ọkọ̀ ẹlẹ́ja tí òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé.
Ogún pé, ó ṣí ìkòkò, ó jinná kanlẹ̀.
A fi ẹ̀gúsí jẹ ẹ́. Ìgbín kan wà nínú rẹ̀, ó bọ́ sí abọ́ bàbá.
Bàbá gé e sí méjì. Apá tó tóbi kọ́ ló fún mi.

Nígbà tí irin dé, méje la jẹ láwìn.
Màmá kò mọ̀wé; èédú ló fi ń kọ gbèsè sára ilẹ̀kùn,
awakọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀.
Ó ya táyà tó jò fún bàbá, ó fa igi méje sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
"Màá san án tí mo bá ń padà bọ̀."
Kò gba ibẹ̀ padà.
Wọ́n ṣí márosẹ̀ tuntun lọ́dún náà, gbogbo ọkọ̀ ṣí tẹ̀lé e.

Bọ́sẹ̀dé, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló sọ ìyókù fún mi:
Màmá ṣì ń gbé ìkòkò kaná, ó ṣì ń ka ọkọ̀.
Ogún kò pé títí oòrùn fi wọ̀.
Ẹ̀bìrìpò jóná mọ́ ìdí ìkòkò,
ó ní ṣebí ọwọ́ òun ló ti ń gbàgbé iṣẹ́.

Ilé ewúrẹ́ ni ilẹ̀kùn náà wà báyìí.
Mo tẹ̀ ba. Táyà jíjò. Igi méje.
Ojú mi ń ta mí, àmọ́ ọmọ Rẹ́mọ ni Bọ́sẹ̀dé,
kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà owó:
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lẹ́yọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀."
Mo san án.
Ó ti rẹ àkísà sómi kí n tó la ẹnu, ó nù ún,
ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì kọ bàbá mi sí lójú ọ̀nà yẹn,
èmi ni mo fowó ara mi pa á rẹ́.

Ó ní kí n jókòó, èènì ń bọ̀ lórí iná.
Ó tẹ fóònù rẹ̀: ogójì ìṣẹ́jú.
Mo kọjú sí ọ̀dà tó ti hu koríko láàárín.
Mo ń ka ọkọ̀ síbẹ̀síbẹ̀.
Ọ̀kan.