Ikán Ti Padà Sóko Wa

Bízò, ohùn tó o fi ránṣẹ́ láti Sábhà dé lóru.
O ní ṣé ilẹ̀ wa ṣì wà.
Mo rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ a máa rìnrìn àjò ni?
Ìwọ lo lọ.
Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ilẹ̀ náà ti ń lọ kó o tó lọ:
afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́,
ó ń dà á sójú àwọn tí a ò mọ̀.

Bàbá rẹ a máa jẹ́ kí oko sinmi fún ọdún márùn-ún,
kí koríko bò ó bí ọmọ tó sùn.
Nígbà tí ẹnu pọ̀ nílé, ó di ọdún méjì, ó di ẹyọ kan,
títí oko kò fi sùn mọ́.
Ta ni ì bá ṣiṣẹ́ láìsùn tí orí rẹ̀ kò ní dàrú?
A gé igi gáwò etí kànga,
ẹrù igi mẹ́rin, a tà á, a fi ra ṣúgà.
Pòròpórò jéró, ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, a fi ìyókù dáná.
A ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ilẹ̀ láti jẹ.
Kò bá wa jà.
Ó kàn panu dé.

O rántí òjò ọdún tí Ṣàfá kú.
Omi dé orí oko wa bí àlejò,
ó kanlẹ̀kùn, ó kanlẹ̀kùn,
ó bínú sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì
tòun ti irúgbìn wa lápò.
Ọjọ́ kẹta, eruku.
Ọmọdé kan fi òkúta lu ilẹ̀, ilẹ̀ dún bí ìkòkò òfìfo.
Ọjọ́ yẹn lo di ẹrù rẹ.

Owó tó o fi ránṣẹ́ lóṣù Fẹ́búárì, n ò fi ra jéró.
Má pariwo. Mo fi ra ọkọ́ méjì
àti ìgbẹ́ màlúù, ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́kànlá,
lọ́wọ́ Jọ̀dí, Fúlàní tó dó sẹ́yìn òkè.
Ìyá àgbà Tabáwà ló kọ́ mi: kí ihò fẹ̀ bí àwo oúnjẹ ẹni méjì,
kí ó jìn títí wọ ọrùn ọwọ́,
kí erùpẹ̀ rẹ̀ jókòó sápá ìsàlẹ̀, kó máa de omi.
Mẹ́tàdínlógún lọ́jọ́ kìíní. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó.
Àwọn ọkùnrin tó kù lábẹ́ igi ní ṣé sàréè ọ̀pọ̀lọ́ ni.
Mo bu ìgbẹ́ sí i, mo fi í sílẹ̀ fún oòrùn.

Ikán ló kọ́kọ́ dé.
Ikán, Bízò! Ikán tó jẹ òpó àká wa,
tó jẹ bàtà ìgbéyàwó rẹ,
tí à ń da eérú lé lórí, tí à ń gbé ṣẹ́ èpè.
Wọ́n gbóòórùn ìgbẹ́, wọ́n gòkè wá,
wọ́n lu ilẹ̀ líle náà jálẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lu awọ.
Omi oṣù kẹfà dé, ó fẹ́ kanlẹ̀kùn,
ó bá a ní ṣíṣí.
Mo fi etí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan, mo gbọ́ ọ:
ilẹ̀ ń mumi, gbúkú, gbúkú,
bí ẹni tó gba ààwẹ̀ ọdún mẹ́wàá.

N ò ní parọ́ fún ọ. Ìdajì ihò ló so.
Ewúrẹ́ Láwálì jẹ nínú ìyẹn, ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé baálẹ̀.
Àpò mẹ́ta ni mo gbé wọlé, oúnjẹ oṣù mẹ́rin.
Ṣùgbọ́n nínú ihò kan tí n ò gbin nǹkan sí,
ìgbẹ́ màlúù ló gbé irúgbìn rẹ̀ wá,
gáwò kan hù. Kò ga ju ìka mi lọ. Mo fi ẹ̀gún yí i ká.
Tabáwà ní alágídí igi ni:
lásìkò òjò, tí gbogbo igi ń wọṣọ,
òun a bọ́ tirẹ̀, kí oòrùn lè rí jéró;
ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń múra.
Màá ti darúgbó kó tó ní ibòji.

O ní ṣé kó o máa bọ̀.
N ò mọ̀.
Ẹgbẹ̀ta ihò ni mo gbẹ́ lọ́dún yìí, èjìká ọ̀tún ń dùn mí.
Ọkọ́ kejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo ti fi òróró pa ẹ̀rú rẹ̀,
kí ikán má baà jẹ ẹ́.