Ihò Kẹtàdínlógún

Òjò Kétu ń lu páànù ilé-ìwòsàn.
Mo jókòó sórí kéèsì bíà tó ti ṣófo,
kọ̀ǹpútà lórí itan, wáyà kan láàárín èmi àti suwíìṣì,
àpótí irin pẹlẹbẹ tó ń ṣẹ́jú sí mi,
ojú aláwọ̀ ewé mẹ́rìnlélógún.

Mùsíè Odúnlámì ló gbé e síbẹ̀.
Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìlárá.
Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n kọ sí i lára láti òkè òkun,
fún ọdún mẹ́sàn-án, kò yí i padà.
“Gbogbo ayé” ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀,
kíá ni yóò tú gbogbo ikùn rẹ̀ sílẹ̀:
iye okùn tó wà lára rẹ̀, ẹni tó so mọ́ èwo,
bí àyà rẹ̀ ti ń gbóná tó lọ́sàn-án.
Ẹ ti rí ibodè tó ń kí olè káàbọ̀ rí?

Mo nù ún kúrò.
Mo fi òmíràn sí i. N kò ní sọ ọ́ níbí,
àfi pé orúkọ ewúrẹ́ ìyá ìyá mi wà nínú rẹ̀.
Ènìyàn mẹ́rin ló kù láyé tó mọ ewúrẹ́ náà,
mẹ́ta nínú wọn kò mọ suwíìṣì.

Èdè àtijọ́ a máa gbé ọ̀rọ̀ kọjá níhòòhò lórí wáyà.
Mo yan ẹ̀dà kẹta,
èyí tó ń wọ ọ̀rọ̀ láṣọ kó tó jáde nílé.
Mo ní: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́ ni kó máa bi í léèrè,
kó wò ó o, kó má fọwọ́ kàn án.

Mùnírù pè mí láti Àjàṣẹ́:
“Mo ń kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn.”
Mo tún ìwé wò. Ení tí Mùsíè kọ, bí èje ló rí.
Ìyá ìyá mi gbà pé ilẹ̀kùn Akaba Ìdènà
mọ ọmọ Kétu yàtọ̀ sí ọmọ ogun.
Tèmi yìí kò mọ ọmọ ẹnì kankan.
Òǹkà nìkan ló mọ̀.

Mo tún un kọ. Ó dáhùn.

Aago méjì òru, àpótí fúnra rẹ̀ ké,
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í:
ihò kẹtàdínlógún ti kú.
Mo sáré la òjò kọjá sí yàrá ìgbẹ̀bí.
Adéọtí dúró ti kẹ́tùlù,
ó ti yọ iná ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri.
“Omi gbígbóná ni mo ń wá,” ó ní,
kò tilẹ̀ wojú mi.

Fóònù ń dún lápò mi, Mùnírù ni.
Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ohùn tuntun kan bẹ́ sẹ́kún.
Mo ní kó dúró ná, kí omi hó.