Èjìká Ni Wọ́n Fi Ń Rù Ú

Nóòtì ẹ̀kọ́ tí mo gbé ti Ìlá wá,
ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ ọ́.
Epo àkàrà ti ta sí ojú ewé ìsọdipúpọ̀,
páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó,
ṣùgbọ́n n kò rí ọmọ tó jókòó tì í
tí kò mọ ìṣirò kó tó dìde.

Iṣẹ́ ìyàwó mi ló gbé wa dé Abuja.
Bwari ni wọ́n pín mi sí, abúlé kan lẹ́yìn òkè,
kíláàsì kẹta, ọmọ mọ́kànlélógójì,
bẹ́ǹṣì mẹ́sàn-án.
Mo ṣí nóòtì. Mo gbóhùn sókè bíi tilé:
"Bàbá àgbẹ̀ kan ní àpò kòkó mẹ́jọ..."

Ẹ̀rín bú.
Bitrus fẹ́rẹ̀ẹ́ re bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.
Ó ní, Máláàmù, ẹ jọ̀ọ́,
ta ní ń da kókó sínú àpò?
Kókó tiwọn, ògì ni.
Ògì gbígbóná, àpò mẹ́jọ,
ó ń kán tó, tó, tó
sí bàbá àgbẹ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Shekwolo kò rẹ́rìn-ín. Shekwolo kì í sọ̀rọ̀.
Méjìdínlọ́gbọ̀n àti mẹ́rìndínlógún:
mẹ́jọ àti mẹ́fà, mẹ́rìnlá,
kọ ẹẹ́rin sílẹ̀, gbé oókan ru eéjì lórí.
Mo wí i títí ẹnu fẹ́ bó: "Orí! Orí la fi ń rẹrù!"
Shekwolo á kọ oókan tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́,
tín-ín-rín, ó fẹ̀yìn ti eéjì bí ọmọ tó ń tòògbé.
Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà lójoojúmọ́.
Lójoojúmọ́ ni mo ń fi bírò pupa fà á.
Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, mo fi ẹgba kún un.
Ẹ má bi mí pé ọwọ́ wo ló fi gbà á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀kadà mi kú lẹ́bàá odò.
Àwọn obìnrin ń ti oko bọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan,
igi ìdáná, iṣu, agbè omi,
kò sí ọ̀kan tó wà lórí.
Èjìká.
Ọwọ́ kan gbá a mú, ọrùn nà tààrà,
orí ṣófo, orí ń wo ọ̀nà.
Ọ̀kan kí mi. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò kí mi.
Èjìká òsì ló gbé ìkòkò tirẹ̀ sí,
nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò tíì ṣeé dì í mú.

Mo bi ìyá léèrè, Hausa mi ń tiro:
kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi orí rù?
Ó ní, orí lọba ara.
Ta ní ń di ẹrù lé ọba?
Èmi tí mo ń bẹ orí mi láràárọ̀
kó má jẹ̀ẹ́ n ṣìnà!

Ọjọ́ Ajé, mo kọ ìṣirò náà sí pátákó.
Shekwolo, wá gbé oókan síbi tó o bá fẹ́.
Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi.
Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wà níbẹ̀.
Ó gbé e sí èjìká eéjì, ó padà lọ jókòó.
Sani ní orí làwọn ń lò nílé tàwọn.
Ẹ lo orí.
Jauro, ọmọ darandaran, ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni tàwọn,
ó sì ya etí gígùn méjì sí oókan.
Mẹ́rìnlélógójì ni gbogbo wọn sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

Mo fa bírò pupa sórí àpò kòkó mẹ́jọ.
Mo kọ ìkòkò sí i.
Shekwolo kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ o,
n kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.
Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí mo ń fi yangàn, mẹ́tàdínlógún:
àwa náà, odindi ogún la kọ́kọ́ ń gbé
ká tó sọ ẹẹ́ta kalẹ̀.
Ta ló nà wá sí i?